Bàbá Tó Ń Tọ́jú Omi De Àlejò

Ọjọ́ Sátidé la sin bàbá àgbà mi sẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Ìpáò. Láti àárọ̀ ọjọ́ náà ni àwọn èèyàn ti ń sọ fún mi pé kí n má sunkún, pé bàbá ti gbó, ó ti tọ́, pé ijó là ń jó sí irú òkú bẹ́ẹ̀. Inú ń bí mi. Ta ló sọ fún wọn pé ikú ẹni tó gbó kì í dunni? Bí bàbá àgbà bá lo igba ọdún láyé, ọjọ́ tó bá kú náà ni n óò sunkún, ẹni tí kò bá sì fẹ́ rí i kó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ikú nìkan ló ń pa mí lẹ́kún. Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu mi. Bàbá mi, Délé, ni ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí bàbá àgbà bí, ọdún mẹ́tàdínlógún ni kò sì fi bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Èmi ni mo dá ìjà náà sílẹ̀ láìmọ̀ọ́mọ̀, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Bàbá mi kò mọ̀. Bàbá àgbà mọ̀, ó sì gbé e lọ sí sàréè. Lọ́jọ́ ìsìnkú, bàbá mi ti Ìkọ̀lé wá, ó jókòó sẹ́yìn pátápátá bí àna tó wá yẹ́ni sí, ó ní ọjọ́ Ajé lòun ń padà. Ọjọ́ méjì péré ni mo ní láti sọ ọ̀rọ̀ náà, tàbí kí n gbé e mì títí láé. Kí n tó sọ ohun tí mo ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí bàbá àgbà jẹ́, torí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kò lè mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wúwo tó.

Kí ẹnikẹ́ni má bínú pé mò ń pè é ní “ó”. Níṣojú rẹ̀, mo máa ń fi “ẹ” bá a sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́. Bàbá àgbà ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Èdè Èkìtì tirẹ̀, ojúlówó ni, ulé ni ilé lẹ́nu rẹ̀, uṣẹ́ ni iṣẹ́, ẹnì kan ṣoṣo sì ni ẹnì kan. Bí mo bá ti ní, “Bàbá, ẹ káàárọ̀, ṣé ẹ jí dáadáa?” á wo ọ̀tún, á wo òsì, á ní, “Àbẹ̀ní, èmi mélòó lo ń rí?”

Ẹ̀ṣọ́ àbàtà ni. Lẹ́yìn Ìpáò, níbi tí oko kòkó ti parí, omi fífẹ̀ kan wà tí kò jìn. Ìjọba ayé àtijọ́ ló fi erùpẹ̀ àti sìmẹ́ǹtì dí i lẹ́nu. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé oríṣiríṣi ẹyẹ ń wá síbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n wá pààlà sí i, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yìnbọn níbẹ̀. Bàbá àgbà ni wọ́n gbà síṣẹ́ láti máa ṣọ́ ọ, ìgbà yẹn irun rẹ̀ ṣì dúdú. Ó ṣe iṣẹ́ náà títí tí ọjọ́ orí fi tó, wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n ní kó lọ sinmi. Wọn ò fi ẹnikẹ́ni rọ́pò rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá àgbà dé fìlà rẹ̀, ó mú ọ̀pá, ó tún gba ọ̀nà àbàtà lọ. Aládùúgbò kan bi í léèrè pé ṣé wọn ò ní kó sinmi ni. Ó ní, “Ìjọba ló ní kí n sinmi. Àwọn ẹyẹ ò tíì sọ bẹ́ẹ̀.”

Ẹni tó bá rí i lókèèrè á rò pé kò ṣe nǹkan kan ju pé ó ń rìn kiri etí omi lọ. Iṣẹ́ gidi ló ń ṣe. Pákó mẹ́fà ló wà lẹ́nu omi náà, wọ́n tò wọ́n léra wọn sáàárín sìmẹ́ǹtì méjì. Nígbà òjò, gbogbo wọn wà níbẹ̀, omi á kún. Bí òjò bá ti ká tí ọyẹ́ ń sún mọ́lé, bàbá àgbà á yọ pákó kan, á dúró bí ọjọ́ mẹ́jọ sí mẹ́wàá, kó tó yọ òmíràn. Bí omi ṣe ń fà díẹ̀díẹ̀ ni ẹrẹ̀ tútù ń yọ létí, inú ẹrẹ̀ yẹn ni ekòló àti kòkòrò wà, ibẹ̀ ni àwọn ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn ti ń jẹun. Bí omi bá jìn jù, ẹsẹ̀ wọn ò ní tólẹ̀. Bó bá sì gbẹ jù, ẹrẹ̀ á le, ẹnu wọn ò ní lè wọ̀ ọ́. Bàbá àgbà kò ní ohun ìwọ̀n kankan. Á bọ́ bàtà, á wọ inú ẹrẹ̀, bó bá ti mu ún dé kókósẹ̀, ó tó láti yọ pákó mìíràn. Bó bá dé ojúgun, á ní kí pákó ṣì wà níbẹ̀ ná. Á wá fa esùsú tó ń bo omi mọ́lẹ̀ tu ní apá kan kí ojú ibẹ̀ lè là, á fi apá kejì sílẹ̀ kí àwọn alápàńdẹ̀dẹ̀ lè rí ibi sùn sí. Bí wọ́n bá ń bọ̀ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ojú ọ̀run á ṣú.

Nígbà kan, olùkọ́ obìnrin kan wá láti yunifásítì Ọyẹ́, ọmọ òkè Ọya ni, ó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá ka ẹyẹ. Ó bá bàbá àgbà jókòó lórí sìmẹ́ǹtì ẹnu omi, ó ń ṣàlàyé fún un, èmi ni mo ń ṣe ògbufọ̀. Ẹyẹ kékeré kan wà níbẹ̀ tí kì í yé mi ìdí jù sókè sódò, Oníjó ni bàbá àgbà ń pè é. Olùkọ́ yẹn ní ẹyẹ yìí gan-an, òkè òkun ló ti wá, pé ó fò kọjá òkun, ó fò kọjá aṣálẹ̀ tí kò sí koríko, kó tó dé Ìpáò. Bàbá àgbà ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó wo Oníjó títí, ẹyẹ tí kò tó ẹ̀kúnwọ́ ọmọdé. Ó wá ní, “Ẹni tó bá ti ibi tó jìn bẹ́ẹ̀ wá, omi la kọ́kọ́ ń gbé fún un, ká tó bi í pé kí ló bá wá.”

Láti ọjọ́ náà ló ti ń kí wọn. Ojú kọ́kọ́ tì mí. Àgbà ọkùnrin á dúró létí omi, á ní, “Ẹ kú ìrìn, ẹ kú ewu ọ̀nà,” bí ẹni pé àwọn ará Èkó ló sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Baba Ẹlẹ́yẹ, ẹ̀yin náà sì mọ ohun tí wọ́n máa ń rò bí wọ́n bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu. Obìnrin kan wà ní àdúgbò wa tó ń kó ata tó sá sóòrùn wọlé bó bá ti rí i lọ́nà. Lọ́jọ́ kan, bàbá àgbà dúró, ó bá a kó ata náà jọ, ó gbé e lé e lọ́wọ́, ó ní, “Ìyá Rónkẹ́, bí mo bá ní irú ẹyẹ tí ẹ̀yin ará ìlú ń wí yẹn, ṣé ẹsẹ̀ ni n óò máa fi rìn lọ sí àbàtà?”

Ó lè jà. Kí n má fi òkú ṣe áńgẹ́lì. Bó bá rí ọmọdé tó gbé kànnàkànnà létí omi, á gbà á, kò sí ẹ̀bẹ̀ tí ìyá ọmọ náà lè bẹ̀. Ìṣó kan wà lára ògiri yàrá rẹ̀ tí kànnàkànnà kún fọ́fọ́. Ṣùgbọ́n bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, tí àwọn àlejò ti lọ, á kó wọn jáde, á máa ti ilé dé ilé, á dá ti kálukú padà fún un, kì í ṣi wọ́n mú. Ó bá ọdẹ jà, ó bá adarí ìjọ kan jà tó fẹ́ máa ti ẹ̀yìn àbàtà gbé gbohùngbohùn sókè. Ó bá èmi náà jà. Ọkùnrin kan wà tó fẹ́ fẹ́ mi, òṣìṣẹ́ báńkì, mo mú un wá kí bàbá àgbà. Bàbá àgbà ní ká jọ lọ sétí omi. Ọkùnrin náà wo ẹrẹ̀, ó wo bàtà rẹ̀ tó ń dán, ó ní òun á dúró dè wá. Bó ṣe lọ tán, bàbá àgbà ní, “Èyí tí kò lè bọ́ bàtà nítorí rẹ, kí ló tún fẹ́ bọ́ nítorí rẹ?” Mo bínú sí i fún oṣù kan gbáko. Mi ò fẹ́ ọkùnrin náà mọ́.

Ohun kan wà tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu nípa rẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́tàdínlógún tó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀, kò fọwọ́ kan àdá. Gbogbo esùsú tí mo ní ó ń mú kúrò yẹn, ọwọ́ ló fi ń fà á tu, láti ìdí, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Esùsú máa ń géni bí abẹ. Bí mo bá wá lọ́jọ́ ìsinmi, màá fi òrí pa àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, màá máa bá a jà pé irú kí lèyí. Nígbà tí mo gba owó oṣù mi àkọ́kọ́ nílé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣe tíṣà ní Ìlúpéjú, mo ra àdá tuntun fún un, èyí tó mú dáadáa. Kò gbà á. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ tì í padà sí ọ̀dọ̀ mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní, “Bá mi dá a padà. Èmi àti irin ti bá ara wa sọ̀rọ̀ tán.” Mo mọ ohun tó ń sọ. Èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, a ṣì ń gbé nínú agbo ilé bàbá àgbà. Bàbá mi ń dáko ẹ̀fọ́ sí àkùrọ̀ lẹ́yìn àbàtà, ó sì ń fi ọ̀kadà gbé èrò láti Ìpáò lọ sí Ìkọ̀lé. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, bàbá àgbà ti yọ pákó mẹ́rin, omi ti fà, gbogbo ẹja àbàtà ti há jọ sí ojú kan. Ọ̀rẹ́ bàbá àgbà kan kú ní Ìlúpéjú, bàbá mi fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀kadà gbé bàbá rẹ̀ lọ síbi òkú náà, ó sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀ kó lè sùn fún ọjọ́ méjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá mi ní kí n lọ pe bàbá mi wá jẹun. Mi ò bá a lóko. Mo gba etí omi, mo wá rí i. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń da ìgò oògùn tí wọ́n ń fín sí kòkó sínú omi, èyí tí wọ́n ya egungun orí sí lára tí wọ́n máa ń kìlọ̀ fún wa pé a ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Kò rí mi. Mo sáré padà sílé, mo sọ fún ìyá mi pé mi ò rí wọn. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ẹja ti léfòó, gbogbo ìlú ń fi agbọ̀n kó o. Bàbá mi kó tirẹ̀ lọ tà ní Ìkọ̀lé.

Ìgbà tí bàbá àgbà fi máa dé, àwọn ẹyẹ ti jẹ nínú ẹja náà. Mo tẹ̀ lé e lọ. Àwọn lékèélékèé nà sílẹ̀ lórí ẹrẹ̀ bí aṣọ funfun tí wọ́n sá. Bàbá àgbà wọ inú ẹrẹ̀. Ó gbé agbọ̀n, ó ń ṣa wọ́n, ó ń pa ìyẹ́ wọn dé kó tó tẹ́ wọn sínú agbọ̀n. Ó dé ọ̀dọ̀ Oníjó kan, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó jókòó sínú ẹrẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mi ò rí àgbà ọkùnrin tó sunkún rí. Ẹ̀rù bà mí, mo rò pé bí mo bá sọ ohun tí mo mọ̀, ẹkún náà á dá. Mo ní, “Bàámi ló da oògùn síbẹ̀. Mo rí wọn.”

Ẹkún náà dá lóòótọ́.  Ó bi mí pé ta ni mo tún sọ fún, mo ní kò sí. Ó ní, “Kó má jáde lẹ́nu rẹ mọ́. Bàbá kan lo ní.” Ó sì gbẹ́ ilẹ̀, ó sin wọ́n, kò bi bàbá mi ní nǹkan kan nígbà tó délé. Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo èèyàn gbọ́ nìyí. Bàbá àgbà ò ní in lọ́kàn láti sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ì bá gbé e mì.

Ìlú ni kò jẹ́. Ewúrẹ́ méjì mu omi náà, wọ́n kú. Ọmọ kan jẹ nínú ẹja náà, ó bì fún ọjọ́ mẹ́ta kí ara rẹ̀ tó yá. Ọba pe gbogbo wa sí ààfin, kálukú ń tọ́ka sí ẹnì kejì rẹ̀, nígbà tó yá ojú gbogbo èèyàn wá ń lọ sọ́dọ̀ bàbá mi, torí òun ló kọ́kọ́ kó ẹja lọ sọ́jà. Bàbá mi dìde, ó na àyà síta. Ó ní, “Ẹ gbé irin wá. Màá búra.”

Ẹni tó bá ti gbé ní ọ̀dọ̀ wa á mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Àdá ni, wọ́n á fi màrìwò wé e, ẹni tó ń búra á fi eyín kàn án, á ní bí òun bá ṣe nǹkan náà, kí Ògún má jẹ́ kí òun pé ọjọ́ méje. Ilé bàbá àgbà ló ń tọ́jú irin àdúgbò wa láti ayébáyé, òun ló gbọ́dọ̀ gbé e wá. Bàbá mi ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nígbà yẹn, lójú tirẹ̀ irin ò ju irin lọ. Bàbá àgbà ò rí i bẹ́ẹ̀. Lójú rẹ̀, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ló fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ pe ikú, ọmọ tó ń gun irin kiri títì láti àárọ̀ di alẹ́.

Mo wà níbẹ̀, mo di aṣọ ìyá mi mú láàárín àwọn obìnrin. Bàbá àgbà gbé irin dé. Bàbá mi nawọ́ gbà á. Bàbá àgbà ò fi sílẹ̀. Bàbá mi fà á, bàbá àgbà dì í mú. Ọba ní, “Bàbá, ẹ gbé e fún un.”

“Kábíyèsí, mi ò ní gbé e fún un. Òun ló da oògùn náà sómi.”

 Ọba bi í pé ta ló rí i. Mo rí ojú bàbá àgbà tó ń bọ̀ lápá ibi tí àwọn obìnrin wà, ó kàn mí, kò dúró, ó kọjá. Ó ní, “Èmi ni. Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí i.” Irin náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Ta ló tó sọ fún ẹni tó ń tọ́jú irin pé ó ń purọ́? Kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan míì. Bàbá mi mọ̀ dájú pé bàbá òun ò sí nílùú lọ́jọ́ náà, òun ló kúkú gbé e lọ sí Ìlúpéjú. Ó mọ̀ pé òun jẹ̀bi, ó sì mọ̀ pé bàbá òun ò rí òun. Ó ní, “Bàámi, ẹ purọ́ mọ́ mi lórí irin?” Bàbá àgbà gbé irin náà mọ́ àyà. Wọ́n gba àkùrọ̀ lọ́wọ́ bàbá mi, wọ́n ní kó san ewúrẹ́ padà, àwọn ọmọdé ń pè é ní Délé Olóògùn lójú títì. Oṣù náà ò parí tó fi kó wa lọ sí Ìkọ̀lé.

Lọ́jọ́ tí a ń lọ, bàbá àgbà pè mí sẹ́yìn ilé. Ó ti gbé irin náà fún ọmọ àbúrò rẹ̀ pé kó máa tọ́jú rẹ̀, pé ọwọ́ òun ò mọ́ mọ́. Ó ní, “Irọ́ tí mo pa, èmi ni irin á bi léèrè. Gbogbo ohun tí ìlú gbà lọ́wọ́ Délé, ó lè rí òmíràn. Èmi ò ní Délé méjì.” Ó wá ní kí n má sọ fún bàbá mi láé pé èmi ni mo rí i. “Kó máa bínú sí mi. Mo ti dàgbà, mo lè rù ú. Kó má bínú sí ọ.” Mo ṣèlérí fún un. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, mi ò mọ bí ìlérí ṣe ń gùn tó.

Bàbá mi kì í dí mi lọ́wọ́ láti lọ kí i. Bí mo bá ń bọ̀ láti Ìpáò, bàbá àgbà á di iṣu fún mi, á ní ti ìyá mi ni, èmi àti òun mọ ẹni tó ni ín. Ìbéèrè kan náà ló máa ń bi mí lọ́dọọdún, “Ṣé ó ṣì ń gun irin yẹn?” Bí mo bá dé Ìkọ̀lé, bàbá mi á wo iṣu náà, á ní, “Kó kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé òun ò rí mi. Ẹyẹ ló fẹ́ràn jù mí lọ.” Àwọn ará ìlú náà ò jẹ́ kí bàbá àgbà gbádùn. Bó bá kọjá, wọ́n á ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn, wọ́n á rí i pé ó gbọ́. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan pé ṣé kò dùn ún. Ó ní, “Ó ń dùn mí. Délé wà láàyè.”

Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ká lọ́dún yìí nígbà tí àárẹ̀ mú bàbá àgbà. A gbé e lọ sí ọsibítù kan ní Ìdó. Mo pe bàbá mi, mo sọkún fún un lórí fóònù, mo ní kó wá. Ó wá. Ó dé ẹnu ọ̀nà ọsibítù, ó wá pè mí lórí fóònù láti ìta. Mo jáde dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yàrá, mo ń wo ẹsẹ̀ bàbá àgbà lórí ibùsùn.

“Ṣé ó ti sọ pé òun purọ́ mọ́ mi?”

“Bàámi, ẹ ṣáà wọlé. Ẹ jọ̀ọ́.”

“Ẹnu rẹ̀ ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ, Àbẹ̀ní. Ohun tí mo ní kó ṣe nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.”

Ọ̀rọ̀ náà wà létè mi. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí, mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, mo sì dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n rán ètè rẹ̀ pọ̀, nítorí ìlérí tí mo ṣe fún ẹni tó ń kú lọ. Mo gbọ́ tí bàbá mi ṣáná sí ọ̀kadà rẹ̀, tó lọ. Mo wọlé padà. Bàbá àgbà la ojú, ó bi mí pé ọ̀kadà ta nìyẹn. Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní, “Ó jọ ti Délé.” Ọjọ́ kejì sí ìyẹn ló kú, ní ìdájí, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú tèmi.

Ọjọ́ Ajé wá dé. Bàbá mi ti ń so àpò rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà ní àárọ̀ kùtù. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi dé ẹ̀yìn ilé, níbi sàréè. Ó wá, ó dúró jìnnà sí i. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́. Mo ní èmi ni mo rí yín lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo sọ fún bàbá àgbà. Wọn ò fẹ́ sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n gbé irin wá. Wọ́n ní wọn ò ní Délé méjì. Wọ́n parọ́ kí ẹ má bàa búra èké, wọ́n sì ní àwọn fúnra wọn ni wọ́n rí yín, kí ẹ má bàa bínú sí mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ láìmí.

 Bàbá mi ń wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tí kò mọ̀ rí.

“Lọ́jọ́ tí mo wà lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù, o mọ èyí?”

“Mo mọ̀ ọ́n, sà.”

“O sì jẹ́ kí n lọ.”

“Wọ́n ní kí n má sọ.”

“Mo mọ̀ pé ó ní kó o má sọ. Ọmọ rẹ̀ ni mí, ṣé mi ò mọ̀ ọ́n ni? Ìwọ ni mò ń bi.”

 Mo ń retí kó gbá mi létí, ì bá tù mí nínú. Kò fọwọ́ kàn mí. Ó ṣí fìlà, ó rìn lọ sídìí sàréè, ọkùnrin tí irun rẹ̀ ti funfun, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sórí erùpẹ̀ tútù náà, ó fi àyà lélẹ̀. Ó ní, “Bàámi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.”

Nílé wa, ọmọ tó bá dọ̀bálẹ̀ kì í dìde títí àgbà á fi ní kó dìde. Oòrùn yọ, ó bá a níbẹ̀. Àwọn ará ilé jáde, wọ́n wò wá, wọ́n padà wọlé. Mo kúnlẹ̀ tì í, mo ń ronú ẹni tí mo lè pè tí yóò sọ fún un pé kó dìde, mi ò rí.